Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìpàdé Ẹni Méjì Déédéé Nínú Ikọ̀ Sọ́fúwíà Tí Olúkúlùkù Ń Ti Ilé Rẹ̀ Ṣiṣẹ́

Nínú ọ́fíìsì, ojú lásán ti tó fún olórí ikọ̀ láti mọ̀ pé inú ẹnì kan kò dùn. Nínú ikọ̀ tí olúkúlùkù ń ti ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, ohun tó ń hàn kò ju kóòdù tó wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì (iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹnì kan láti ṣe) tó parí àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí Slack, áàpù tí ikọ̀ fi ń kọ̀wé síra wọn, lọ. Ẹni tí iṣẹ́ ti sú lè máa kọ kóòdù tó mọ́ tónítóní fún oṣù mẹ́ta, kí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ tó dé lójijì. Ìpàdé ẹni méjì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ sọ́fúwíà ń kọ ní 1:1, ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń jáde. Kì í jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o. Ó di ìgbà karùn-ún, ìgbà kẹfà, tí ẹni náà ti rí i pé ìpàdé yìí kì í yẹ̀, tó sì ti mọ̀ pé ohun tóun bá sọ níbẹ̀ kì í ta sí ẹlòmíì létí. Nítorí náà, ètò ni a óò gbájú mọ́ níhìn-ín ju ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ẹnu kọ́ ló sábà máa ń pa 1:1, kàlẹ́ńdà ni.

Ta ló ń pàdé ta, ìgbà mélòó?

Oríṣi mẹ́ta ló wà, ètò wọn kò sì bára mu.

Èkíní ni ti olórí ikọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń jábọ̀ fún un tààrà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ́rùn: ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni tiwọn, ẹ má dín in kù títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú 45 ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò tó. Bí ẹ bá fagi lé ẹyọ kan ṣoṣo nínú ti oṣooṣù, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló máa kọjá kí ẹ tó tún rí ara yín, ohun tó ń dun ẹni náà á sì ti jinná fúnra rẹ̀ tàbí kó ti kẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ènìyàn méje ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìmúrasílẹ̀ kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ ó fi kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí, ó di wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀. Bí àwọn tó ń jábọ̀ fún yín bá ti lé ní mẹ́jọ, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí ìdajì kan bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yìí, kí ìdajì kejì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tuntun wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì kó ju mẹ́ta lọ sí ọjọ́ kan. Olórí tí etí rẹ̀ ti kún ni ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún máa ń bá, wọ́n á sì mọ̀.

Èkejì ni ti àwọn akẹgbẹ́ láàrin ara wọn. Ìṣẹ́jú 25 ti tó fún èyí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iye méjì-méjì tó wà nínú ikọ̀ máa ń pọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú iye ènìyàn, ẹ fi èyí tó kù sọ iye ènìyàn náà di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí méjì. Ènìyàn mẹ́fà: 6 × 5 ÷ 2, ó jẹ́ 15. Ènìyàn mẹ́jọ, 28. Ènìyàn méjìlá, 66. Kò sí ikọ̀ tó lè gbé 66 sórí kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ká máa yí wọn ká.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣètò ìdíje tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń pàdé gbogbo ẹgbẹ́ ló rọrùn jù. Ẹ fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà, kí ẹ kọ wọ́n sí ìlà méjì: 1, 2, 3 lókè, 6, 5, 4 nísàlẹ̀. Ẹni òkè bá ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an pàdé. Nígbà tó bá kan ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà 1 kò ní kúrò lójú kan. Gbogbo àwọn yòókù ni ẹ ó sún ní àyè kan bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bó ṣe máa rí fún ènìyàn mẹ́fà nìyí:

Ọ̀sẹ̀ 1: 1–6, 2–5, 3–4
Ọ̀sẹ̀ 2: 1–5, 6–4, 2–3
Ọ̀sẹ̀ 3: 1–4, 5–3, 6–2
Ọ̀sẹ̀ 4: 1–3, 4–2, 5–6
Ọ̀sẹ̀ 5: 1–2, 3–6, 4–5

Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, gbogbo méjì-méjì 15 ti pé, kò sí èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ènìyàn bá jẹ́ méje, ẹ fi 0 kún un kó di mẹ́jọ. Ẹni tó bá kan 0 ń sinmi lọ́sẹ̀ yẹn, á sì gba ọ̀sẹ̀ méje kí ó tó yí po. Ẹ má torí pé ẹnì kan ṣẹ́kù kí ẹ sọ ọ́ di ìpàdé ẹni mẹ́ta. Níbi tí mẹ́ta bá wà, méjì ló máa ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan á máa wo kámẹ́rà. Lórí Slack, áàpù bíi Donut lè máa so ènìyàn pọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n fún ikọ̀ tí kò ju mẹ́wàá lọ, tábìlì tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan ti tó.

Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀gá àgbà pẹ̀lú àwọn tó wà lábẹ́ olórí ikọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo tó ń ba èyí jẹ́ ni kí olórí ikọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn tó ti wáyé. Ẹ sọ fún un ṣáájú, kí ó má baà dà bí ìgbà tí wọ́n ń tọpinpin rẹ̀.

Wíwá wákàtí

Ẹ ṣí tábìlì kékeré kan tó ní ọ̀wọ́ mẹ́rin: orúkọ, agbègbè àkókò, wákàtí tí ẹni náà fẹ́ kí wọ́n rí òun, àti wákàtí kan náà ní UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìwọ̀n. Ẹ bèèrè, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀ lè má kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà iṣẹ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn agbègbè tí iye wọn kì í ṣe wákàtí géérégé: Íńdíà wà ní UTC+5:30, Nepal wà ní UTC+5:45. Ẹni tó bá fi orí ṣírò rẹ̀ kì í pẹ́ pàdánù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síbi kan.

Bí wákàtí iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì bá fara kanra, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lò. Ọjọ́ Ajé ni ìsinmi ìjọba máa ń bọ́ sí jù ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nítorí náà ìpàdé ọjọ́ Ajé á máa fò lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Amẹ́ríkà sì ti di Àbámẹ́ta fún ẹni tó wà ní Japan. Ẹ má fi í sí ìdájí iṣẹ́ gan-an tàbí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì má fi í há àárín ìpàdé méjì mìíràn. Oníṣẹ́ sọ́fúwíà tó ń kọ kóòdù nílò wákàtí méjì, mẹ́ta tí kò já. Ẹ jẹ́ kí 1:1 fara ti ìpàdé tó ti wà tẹ́lẹ̀ tàbí àkókò ìsinmi ọ̀sán, kí ó má baà fọ́ ọ̀sán gbogbo sí wẹ́wẹ́.

Bí wákàtí iṣẹ́ kò bá fara kanra rárá ńkọ́? Ẹ wo olórí ikọ̀ tó wà ní New York àti oníṣẹ́ tó wà ní Íńdíà. Nígbà òtútù, aago Íńdíà fi wákàtí mẹ́wàá ààbọ̀ ṣíwájú. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ New York jẹ́ aago méje ààbọ̀ alẹ́ sí aago mẹ́ta ààbọ̀ òru níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ló kù. Aago mẹ́jọ àárọ̀ New York, tó jẹ́ aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Íńdíà. Tàbí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ New York, tó jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ní Íńdíà. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì lóṣooṣù. Ẹ má pààrọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa rántí èyí tó kàn. Bí ìnira kò bá ṣeé pín dọ́gba, olórí ni kó gbé èyí tó pọ̀ jù: ẹni tó wà lábẹ́ kì í sábà lẹ́nu láti sọ pé wákàtí yìí ń dààmú òun.

Yíyí aago padà, ìyẹn sísún aago síwájú ní wákàtí kan fún ìgbà ooru àti dídá a padà fún ìgbà òtútù, ló ń da ètò rú jù, ọdọọdún ló sì ń dé bá ènìyàn bí àlejò. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ń sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, wọ́n ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Yúróòpù ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti èyí tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Íńdíà àti Japan kì í yí i rárá. Nítorí náà, wákàtí márùn-ún tó wà láàrin New York àti London máa ń di mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù Kẹta, àti fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí oṣù Kẹwàá. Ìpàdé tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí kàlẹ́ńdà sì máa ń tẹ̀ lé agbègbè àkókò tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Bí olórí tó wà ní London bá ló dá a sílẹ̀, aago tirẹ̀ kò ní yẹ̀, ti ẹni tó wà ní Íńdíà ni á fò ní wákàtí kan.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń dá ìpàdé sílẹ̀, ẹ yan agbègbè àkókò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há jù. Google Calendar àti Outlook gba èyí láyè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìránnilétí méjì sórí kàlẹ́ńdà, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ọ̀kan ní àárín oṣù Kẹwàá, kí ẹ lè wo gbogbo 1:1 yín lọ́kọ̀ọ̀kan ṣáájú kí aago tó yí. Bí ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ bá wà ní gúúsù Australia, ẹ rántí pé òdìkejì ni tirẹ̀: ìgbà tí ẹ̀yin ń sún aago síwájú ni wọ́n ń dá tiwọn padà, ọjọ́ wọn kì í sì í bá ti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà mu.

Lórí kàlẹ́ńdà gan-an

Ẹ dá a sílẹ̀ bí ìpàdé tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, láìsí ọjọ́ ìparí. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa bèèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé “ìgbà wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?” Ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń hù, àmọ́ lójú ẹni tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìpàdé tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣàdéhùn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò tíì dájú.

Ẹ fi í sí ìṣẹ́jú 25 dípò 30, tàbí 50 dípò 60. Nínú Google Calendar, ibi kan wà nínú ètò rẹ̀ tó máa ń gé e bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú tó kù yẹn ni ẹ ó fi kọ àkọsílẹ̀. Láìsí i, ẹ ó bọ́ sínú ìpàdé mìíràn, ọ̀rọ̀ á sì ti fò lọ.

Ẹ fún ẹnì kejì ní àṣẹ láti tún ìpàdé náà ṣe. Nínú Google Calendar, ẹ máàkì ibi tó jẹ́ kí àwọn àlejò lè ṣàtúnṣe. Bí òun náà bá lè sún un láti aago mẹ́wàá sí aago méjìlá láìbèèrè, kò ní jẹ́ pé àfi kó fagi lé e nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìkànnì tó ń bójú tó.

Ẹ sọ ọ́ di ti ìkọ̀kọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, gbogbo ènìyàn ló ń rí àkọlé ohun tó wà lórí kàlẹ́ńdà ara wọn. Àkọlé bíi “Ọ̀rọ̀ owó oṣù” tàbí “Àtúnyẹ̀wò iṣẹ́ tí kò tẹ́rùn” á ti ròyìn ẹni náà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ẹni méjì nìkan ti tó fún àkọlé.

Ní ti líǹkì, ẹ má lo yàrá fídíò kan náà fún gbogbo ènìyàn bí kò bá ní ibi ìdúró ṣáájú ìwọlé. Ẹni tó kàn á tètè dé, á sì já wọlé sáàrin ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gẹ́ ẹlòmíì. Ẹ ṣe líǹkì ọ̀tọ̀ fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ tan yàrá ìdúró. Bí ẹ bá ń lo Zoom lọ́fẹ̀ẹ́, láti ọdún 2022 ni ìpàdé ẹni méjì náà ti ní gbèdéke ìṣẹ́jú 40. Ìṣẹ́jú 25 kò ní kan án, ṣùgbọ́n 45 á kàn án, á sì gé yín lẹ́nu.

Ẹ lẹ líǹkì àkọsílẹ̀ yín mọ́ àlàyé ìpàdé náà, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá a kiri.

Àkọsílẹ̀

Ìwé kan ṣoṣo fún ẹni méjì, tí ẹni kẹta kò lè ṣí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò gan-an. Bí ẹ bá dá a sílẹ̀ nínú fódà gbogbo ikọ̀, gbogbo ikọ̀ lè kà á, òun ni ibi tí àṣírí ti máa ń tú jù. Ọjọ́ tuntun ń wà lókè, ti àtijọ́ ń lọ sísàlẹ̀. Bí ó ṣe máa ń rí nìyí:

Ọjọ́:
Tèmi (oníṣẹ́):
Tèmi (olórí):
Ohun tí a fẹnu kò lé lórí, ta ni yóò ṣe é, ọjọ́ wo:
Èyí tó ṣẹ́kù láti ìgbà tó kọjá:

Oníṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń kọ tirẹ̀, ó kéré tán, ní wákàtí 24 ṣáájú. Kókó méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Bí kò bá kọ nǹkan kan, ẹ má bínú, ẹ má sì fi ìyẹn fagi lé ìpàdé. Ẹ fi ìránnilétí sórí Slack: `/remind me to write my 1:1 points every Monday at 4pm` á máa rán an létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní aago tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìlà márùn-ún fún ìpàdé kan ti pọ̀. Kí ẹ kọ ìpinnu, kí ẹ má kọ ìmọ̀lára. “Ó sọ pé òun kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń yẹ kóòdù òun wò” kò yẹ níbẹ̀. “Olórí á bá àwọn tó ń yẹ kóòdù wò sọ̀rọ̀ nípa ìdáhùn tó ń pẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ, ó di Ọjọ́bọ̀” ló yẹ.

Ẹ má gba ohùn tàbí fídíò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì pa rọ́bọ́ọ̀tì tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé fúnra rẹ̀: ní ilé iṣẹ́ míì, ó ti wà ní títàn látilẹ̀ fún gbogbo ìpàdé, á sì fi ìsọnísókí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú ìkésíni. Ẹyin lohùn. Ọjọ́ tí ẹni náà bá rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ímeèlì kan ni ọjọ́ tó máa sọ òótọ́ gbẹ̀yìn.

Ohun tó ń lọ láàrin ìṣẹ́jú 25 náà

Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ jẹ́ ti oníṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ti olórí, márùn-ún tó kù ti ìpinnu. Bí ti oníṣẹ́ bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbà á. Olórí lè kọ tirẹ̀ ránṣẹ́.

Ìjábọ̀ iṣẹ́ ni ọ̀tá tó tóbi jù. “Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ti parí, èyí ṣì kù díẹ̀,” ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á sì ti lọ. Ó rọrùn fún ẹ̀yin méjèèjì, kò sì kan ẹnikẹ́ni lára, ìdí nìyẹn tó fi máa ń borí. Ohun tó bá ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti ibí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ pé: “Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sí ìpàdé òwúrọ̀ ikọ̀. Kí ló le jù fún yín nínú iṣẹ́ yẹn?”

Ìbéèrè “ṣé dáadáa ni?” kì í mú nǹkan kan jáde ju “dáadáa ni” lọ. Ẹ bèèrè ohun tó ní ìwọ̀n àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kí ló gba àkókò yín jù lọ́sẹ̀ yìí tí kò sì yẹ kó gbà á? Kóòdù ta lẹ kórìíra láti fọwọ́ kàn, kí ló dé? Ìgbà wo lẹ kẹ́yìn dúró de ìdáhùn ẹnì kan ju ọjọ́ kan lọ? Kí ni mo ṣe lọ́sẹ̀ yìí tó jẹ́ kí iṣẹ́ yín le sí i? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí kì í rí ìdáhùn nígbà àkọ́kọ́, nígbà mìíràn kì í rí i nígbà kẹta. Ẹ máa bèèrè rẹ̀ lóṣooṣù. (Nínú àpẹẹrẹ wọ̀nyí “ẹ” ni a lò. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti ń pe ara yín ní “ìwọ”, ẹ tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà nínú 1:1 nìkan, ara á fu ẹni náà.)

Lórí fídíò, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta máa ń dà bíi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já, ẹni tó bèèrè á sì yára fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. Ẹ ka ẹyọ dé méje nínú ọkàn kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ohun tó bá jáde lẹ́yìn méje yẹn ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi.

Kámẹ́rà kì í ṣe dandan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já, ẹ pa fídíò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn: ohùn nìkan ń lo bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí fídíò ń lò, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ lo fóònù. Ẹ ti fẹnu kò lé e lórí ṣáájú pé bí líǹkì kò bá ṣiṣẹ́ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta, olórí ni yóò pè. Láìsí àdéhùn yẹn, ẹ̀yin méjèèjì á máa jáde, ẹ á máa wọlé, títí àkókò á fi tán.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́

Fífagi lé e ni olórí wọn. Ẹ lè sún un, ẹ má fagi lé e. Òfin tó ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹni tó bá sún un ló gbọ́dọ̀ dá wákàtí mìíràn láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà tó fi sọ pé òun kò ní ráyè. Bí ẹ bá ti sún ti ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì léraléra, wákàtí yẹn kò dára; ẹ yí i padà pátápátá dípò kí ẹ máa tọrọ àforíjì. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń gbé sọ́fúwíà tuntun jáde ni olórí máa ń kọ́kọ́ pa 1:1 rẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ènìyàn ní ohun tó fẹ́ sọ jù. Ẹ gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí iṣẹ́ bá pọ̀.

Ẹni tó ní “kò sí nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí” ńkọ́? Ẹ wọlé síbẹ̀. Ẹ mú kóòdù kan tó kọ láìpẹ́, kí ó ṣàlàyé ohun tó ń rò nígbà tó ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ ara yín wò: ìlérí tí ẹ ṣe níbẹ̀ ṣáájú, ṣé ẹ mú un ṣẹ? Ènìyàn kì í gbé ìṣòro kejì wá nígbà tí wọn kò tíì dá a lóhùn lórí ti àkọ́kọ́. Ìlà “èyí tó ṣẹ́kù” nínú àkọsílẹ̀ ni ẹ máa fi rí i. Bí ohun kan bá ti wà níbẹ̀ fún ìgbà mẹ́ta, ẹ ṣe é tàbí kí ẹ sọ gbangba pé kò ní ṣeé ṣe, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò.

Fífi ọ̀rọ̀ búburú pamọ́ de 1:1 náà ń bà á jẹ́. Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kò gbọ́dọ̀ dúró di Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù Ọjọ́bọ̀.

Ìsinmi ọdọọdún náà ní tirẹ̀. Bí ẹ̀yin olórí bá máa wà nísinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fi ìpàdé náà sílẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà kí ẹni náà wọlé kó bá yàrá òfìfo. Ẹ pa ẹyọ méjì yẹn rẹ́, ẹ má ṣe pa gbogbo àtẹ̀léra rẹ̀ rẹ́ o. Kàlẹ́ńdà máa ń bèèrè èyí tí ẹ fẹ́, bọ́tìnnì tí kò yẹ sì wà nítòsí gan-an.

Bí ẹnì kan kò bá lè pe rárá fún ọ̀sẹ̀ kan, ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, sàn ju òfìfo lọ. Ẹ má jẹ́ kó rọ́pò ìpàdé fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti fífà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́

Ìkésíni 1:1 tó bá yọ sórí kàlẹ́ńdà láìsí àlàyé máa ń já ènìyàn láyà. Ọ̀pọ̀ á rò pé wọ́n fẹ́ lé òun níṣẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí gbogbo ikọ̀ lọ́jọ́ kan náà:

“Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti ẹnì kọ̀ọ̀kan yín á máa pàdé fún ìṣẹ́jú 25 lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ìjábọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀: ohun tó ń dí yín lọ́wọ́, ibi tí ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ yín lọ, ohun tó yẹ kí n yí padà. Mi ò ní gbà á sílẹ̀. Bí wákàtí tí mo bá yàn kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sún un fúnra yín.”

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ jọ sọ nǹkan mẹ́ta: ohun tí kò ní kúrò láàrin yín, ohun tí olórí kò lè bò mọ́lẹ̀ bó ti wù kó rí (ìfìyàjẹni, ìhalẹ̀, ewu sí ààbò), àti ọ̀nà tí ẹni náà fẹ́ kí wọ́n máa gbà sọ àṣìṣe rẹ̀ fún un, bóyá nípa kíkọ ni àbí nípa ẹnu.

Nígbà tí olórí bá ń kúrò nínú ikọ̀, ẹ rántí pé àkáǹtì tó dá ìpàdé sílẹ̀ ló ni ín. Kí olórí àtijọ́ pa gbogbo àtẹ̀léra náà rẹ́ kó tó lọ, kí ẹni tuntun dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí kan náà, kí ọ̀sẹ̀ kankan má baà fò. Ẹ má fi àkọsílẹ̀ àtijọ́ lé ẹni tuntun lọ́wọ́. Olórí tó ń lọ àti oníṣẹ́ á jókòó fún ìgbà ìkẹyìn, wọ́n á yọ ìlérí tó ṣì wà nílẹ̀ sínú ìwé tuntun, oníṣẹ́ á sì yan èyí tó fẹ́ kí ẹni tuntun rí nínú rẹ̀.